Ìwé Ẹ̀rí Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Yóò Fi Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ Jẹun

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn ará ilé ìkàwé sọ ní àgbègbè Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, irú ìwé ẹ̀rí tí ó yẹ kí ọmọ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ jẹun wá kiri, ibi tí yóò ti rí i gbà, ohun tí ìwé náà lè ṣe fún un, àti ohun tí kò lè ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá ti Ìyìn wọ Adó lónìí yóò rí i bí oko àná ti di àdúgbò. Wọ́n ti kọ́ afárá olókè sí àárín ìlú Adó, wọ́n ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú, àwọn yunifásítì ń kọ́ ilé ní ọdọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun kò yé fi owó ránṣẹ́ sílé láti fi gbé ilé dìde. Iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ẹ wọ ilé olówó níbi tí wọ́n ti ń lẹ táìsì tàbí tí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri, ẹ ó gbọ́ èdè Faransé àti èdè Ègùn lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́. Láti Kútọnú àti láti Tógò ni wọ́n ti bẹ̀ wọ́n wá. Àwọn ọmọ tiwa, tí kò sí ohun tí ó ṣe ọwọ́ wọn, wà lórí ọ̀kadà ní oríta.

N kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń wá. Ní Tógò, ọmọ iṣẹ́ a máa jókòó fún ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ìjọba fi ọwọ́ sí kí ó tó gba ìwé. Ní orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú, ìjọba ti so ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, kí ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kí ó sì mọ ìdí rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ wa náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan tí ó korò díẹ̀. Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé púpọ̀, a kò sì jẹ̀bi. Láti ìgbà tí a ti dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 1933, ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti fi owó kòkó rán ọmọ ní ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti ta aṣọ inú àpótí. Èso rẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí a fi ń mọ̀ wá káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí kan náà ni ó mú kí a máa pín ọmọ sí ọ̀nà méjì: èyí tí orí rẹ̀ pé, kí ó lọ sí yunifásítì, èyí tí orí rẹ̀ kò pé, kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Ìpín náà kò dára rárá. Bíríkìlà tí kò mọ ìṣirò kò lè sọ iye búlọ́ọ̀kù tí yóò tán lórí ògiri kan. Káfíńtà tí kò mọ igun kò lè kan òrùlé tí kò ní jò. Gbogbo wa ni a sì gbọ́ nípa ilé alájà 21 tí ó wó lulẹ̀ ní Ìkòyí ní Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Iṣẹ́ tí ẹ̀mí irú ènìyàn púpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ọmọ tí kò já mọ́ nǹkan sí.

Nísinsìnyí, kí a tó béèrè ìwé ẹ̀rí, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú: ibo ni ọmọ náà fẹ́ dúró sí nínú iṣẹ́ ilé? Iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó to búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà, ẹni tí ó ń tẹ irin, ẹni tí ó ń fa omi, ẹni tí ó ń fa iná, ẹni tí ó ń kun ọ̀dà. Lókè wọn ni fóòmáànù wà, ẹni tí ó ń wo àwòrán ilé tí ó sì ń sọ fún àwọn yòókù ohun tí wọn yóò ṣe. Ayàwòrán ilé wà, wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ wà, ẹni tí ń ṣírò iye ohun èlò àti iye owó wà, ẹnjiníà wà. Bí ọmọ bá fẹ́ràn kí ọwọ́ rẹ̀ máa kan sìmẹ́ǹtì, tí bàbá rẹ̀ sì lọ san owó ọdún mẹ́rin fún ìwé tí a fi ń jókòó ní ọ́fíìsì, a ti fi owó ṣòfò, a sì ti fi ọmọ ṣòfò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ ọjà tí òun ń ná.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù lọ, èyíinì ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá bíríkìlà, yóò ru kọnkéré, yóò po yanrìn, yóò jẹ ìyà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì mọ́ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba òmìnira. Ní ọjọ́ náà wọn yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò fún un ní irinṣẹ́, ọ̀gá àti ẹgbẹ́ yóò sì fi ọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀nà yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò gba ìwé ẹ̀rí kankan. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1924, àwọn Òyìnbó kò fẹ́ kí ó padà wálé mọ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí Ògògà dípò rẹ̀. (Bóyá pàṣípààrọ̀ náà tọ́ tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọba tí ó mọ̀ ọ́n ní ojúkorojú. Ibi tí ìwé òmìnira wa mọ náà nìyẹn. Ní Àfàò tàbí ní Ìgèdè, ẹni tí ó ń kọ́lé kò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ bíríkìlà. Yóò béèrè pé, "Ilé ta ni o kọ́ kẹ́yìn?" yóò sì lọ wo ògiri rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dé Àbújá, ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe títì tàbí tí ó ń kọ́ afárá, ẹni tí ó ń gba ènìyàn síṣẹ́ kò mọ ọ̀gá rẹ̀, kò mọ ẹgbẹ́ tí ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀, kò sì ní àyè láti wá wo ògiri ní Ìgèdè. Yóò béèrè ìwé tí òun mọ ẹni tí ó fún un. Bí kò bá sí, lébìrà ni yóò gbà á sí, owó lébìrà ni yóò sì máa san fún un, ìbáà jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ ju fóòmáànù lọ. Mo ti rí ọkùnrin tí ó ti kọ́ ilé tí ó ju ogún lọ tí ó ń ru omi fún ọmọdé.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé tí ó súnmọ́ jù, tí kò sì gba àkókò, ni Trade Test. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe ìdánwò yìí. Ipò mẹ́ta ni ó ní: a máa bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹta, a ó lọ sí ipò kejì, kí a tó dé ipò kìíní tí ó ga jù. Kì í ṣe ìdánwò ìwé kíkọ nìkan. Wọn yóò gbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún yín, ẹ ó sì ṣe é lójú wọn. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tí ó ń ṣe títì àti ilé, àti ní ìjọba ìbílẹ̀, ìwé Trade Test ni wọ́n fi ń mọ ipò tí oníṣẹ́ ọwọ́ yóò wà àti ìgbà tí a óò gbé e ga. Ẹni tí ó ti gba òmìnira, tí ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, kò ní ìdí tí kò fi ní ìwé yìí lọ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wa ní abúlé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Èyí tí ó tún tuntun ju ìyẹn lọ ni ètò tí wọ́n ń pè ní NSQ. Àjọ tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, NBTE, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Kàdúná, ni ó ń darí ètò yìí, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà sì fi àṣẹ sí i ní ọdún 2013. Ìpele ni wọ́n pín in sí. Ẹni tí ó wà ní ìpele kìíní ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹlòmíràn; ẹni tí ó dé ìpele kẹta lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ; láti ibẹ̀ lọ sókè ni ọ̀rọ̀ dídarí àwọn ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́. Ohun tí ó wù mí nínú ètò yìí ni pé kò sọ pé kí àgbàlagbà padà sí kíláàsì kí ó lọ jókòó pẹ̀lú ọmọdé. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè mú ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ wá, kí ayẹ̀wò tí ó gba àṣẹ wá wò ó níbi tí ó ti ń ṣe é, kí wọ́n sì fún un ní ìwé ìpele tí ó bá mu. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ máa ya fọ́tò iṣẹ́ yín láti orí ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣe é sílẹ̀. Fóònù tí ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù ni ẹ ó fi ṣe é.

Mo wá dé orí èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ parí ìwé kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré fi etí sí dáradára, nítorí òun ni mo gbà pé ó dára jù fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ni, irú èyí tí ó wà ní Adó, Government Technical College. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yóò lò níbẹ̀. Yóò yan iṣẹ́ kan: búlọ́ọ̀kù títò àti kọnkéré, tàbí káfíńtà, tàbí omi fífà, tàbí iná fífà, tàbí irin jíjó, tàbí ọ̀dà kíkùn, tàbí yíya àwòrán ilé. Bí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwòrán. Ní ìparí yóò jókòó fún ìdánwò NABTEB, ìwé ẹ̀rí tí yóò sì gbà ni NTC.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí City and Guilds. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tí ó bá ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jáde, ìdánwò tí wọ́n ń ti Lọ́ńdọ́nù fi ránṣẹ́ ni ó ń ṣe, bí ó bá sì yege, ojú ọlọ́lá ni a fi ń wò ó. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1993 ni ó fi ẹsẹ̀ NABTEB múlẹ̀, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ìlú Bìní. Òun ni ó gba iṣẹ́ ìdánwò náà lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ́nù, ó sì gba ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ WAEC pẹ̀lú. Bí ọmọ yín bá sọ pé NTC, ẹ mọ̀ pé ọmọ City and Guilds ni.

Kí ni ó fi sàn ju ẹ̀kọ́ṣẹ́ lásán lọ? Ẹ jẹ́ kí n mú kọnkéré ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n kan sìmẹ́ǹtì, méjì yanrìn, mẹ́rin òkúta wẹ́wẹ́ ni a sábà ń pò fún ilé. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́ èyí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kọnkéré bá le jù láti dà, òun àti ọ̀gá rẹ̀ yóò bu omi sí i kí ó lè máa ṣàn, wọn kò sì ní mọ̀ pé agbára rẹ̀ ni àwọn ń fi omi fọ̀ dànù. Bí wọ́n bá dà á tán ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, oòrùn yóò fa omi inú rẹ̀ gbẹ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó yẹ kí a máa fi omi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, torí ó di nǹkan bí ọjọ́ 28 kí kọnkéré tó ní agbára tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdí èyí kò ní gbà kí onílé tí ń kánjú tì í láti tú pákó kúrò lábẹ́ rẹ̀ ṣáájú àkókò. Bákan náà ni àwòrán ilé. Ẹni tí kò lè ka àwòrán, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, títí ayé ni yóò máa dúró de ẹni tí yóò sọ fún un ibi tí òpó yóò wà.

Ohun kejì ni pé NTC kò ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ ọmọ. Ìwé náà dọ́gba pẹ̀lú ìwé WAEC. Bí ọmọ bá yege dáradára nínú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ó lè fi í wọ Pólì tàbí yunifásítì. Bí kò bá sì lọ, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó jáde sẹ́kọ́ńdìrì lásán pẹ̀lú WAEC tí kò pé, kí ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀? Lẹ́yìn èyí, NABTEB ń ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà àti ní oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejìlá. Ẹni tí kò sí ní ilé ìwé mọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún ti ìparí ọdún láti fi tún èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

N kò ní fi ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó pamọ́ fún yín. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ wa ni irinṣẹ́ inú rẹ̀ pé. Ibòmíràn wà tí ẹ̀rọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n tí eruku ti bò ó, tí olùkọ́ ń fi ẹfun ya trówẹ̀lì sí ojú pátákó dípò kí ó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kí ẹ tó san owó níbikíbi, ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ilẹ̀: bí kò bá sí yanrìn nílẹ̀ tàbí ẹ̀hà igi, àwọn ọmọ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá NBTE ti fi àṣẹ sí iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ gan-an, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ní àṣẹ fún káfíńtà kí ó má ní fún omi fífà. Ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn tí a bá yàn fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kò fi ní san owó ilé ìwé, tí wọn yóò sì máa rí owó díẹ̀ gbà lóṣooṣù. Ẹ lọ béèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ náà bóyá ó kàn yín. Kò sí ẹni tí yóò gbé e wá bá yín ní ilé.

Nípa Pólì, n kò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí ẹ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Akúrẹ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀ Pólì ìjọba àpapọ̀ yìí ní ọdún 1977 kí ó tó wá sí Adó ní ọdún 1982. Ọdún méjì ni ND, lẹ́yìn náà ọdún kan fún iṣẹ́ lóde, lẹ́yìn náà ọdún méjì fún HND, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsìnrú ìlú fún ẹni tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Wọ́n ń kọ́ ni ní ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà títì àti afárá, àti ìṣirò ohun èlò ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì fún ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rìn jìnnà, torí FUTA tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981 wà ní Akúrẹ́ níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ND àti HND kì í ṣe ìwé ẹni tí ń to búlọ́ọ̀kù. Ìwé ẹni tí ń darí iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá gba HND, tí kò sì di trówẹ̀lì mú rí, yóò dé ibi iṣẹ́, àwọn bíríkìlà yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọdún kan tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ lóde láàárín ND àti HND ni ó yẹ kí ó fi wo àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń fi ọdún náà ta káàdì fóònù, wọ́n á wá lọ bẹ ẹni kan kí ó fi ọwọ́ sí ìwé fún wọn. Ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Bí ọmọ bá sì gba HND tàbí dìgírì tán, ó ku ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí òfin gbé kalẹ̀. COREN ni ti àwọn ẹnjiníà, òfin ọdún 1970 ni ó dá a sílẹ̀. Láti ọdún 1992 ni òfin sì ti fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tí ó wà láàárín. CORBON ni ti àwọn akọ́lé, òfin ọdún 1989 ni ó dá a sílẹ̀. Láìsí èyí, ẹni náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà tàbí akọ́lé níwájú òfin, bí ó ti wù kí kóòtù rẹ̀ dára tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ìyá mẹ́ta láti Ìgèdè ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 26, ó ti gba òmìnira bíríkìlà, ó ní ìyàwó àti ọmọ kan. Bí bàbá rẹ̀ bá ní kí ó lọ ṣe JAMB nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Pólì, ebi yóò pa ilé rẹ̀. Ti Trade Test ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, kí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú NSQ, kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó fẹ́ràn àwòrán, ó sì máa ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀. Lẹ́yìn NTC, bí ó bá rí owó, ó lè lọ sí Pólì fún ND, yóò sì jẹ́ irú ènìyàn tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó lè ka àwòrán tí ó sì lè fi ọwọ́ hàn ọ́ bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin, ó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ìṣirò rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ohun èlò àti owó ilé ni ó yẹ kí ó lọ kọ́, ní Adó tàbí ní Akúrẹ́, nítorí kò sí agbaṣẹ́ṣe tí kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un iye àpò sìmẹ́ǹtì tí yóò tán kí ó tó kọ iye owó iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé táìsì lílẹ̀ tàbí ọ̀dà kíkùn ni ó wù ú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i lọ́nà. Ògiri kò mọ ọwọ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin.

Àwọn ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní ìgbà ìsìnrú ìlú, a máa ń rí àwọn tí ó ń ta ìwé ẹ̀rí ààbò ibi iṣẹ́, HSE ìpele kìíní, ìkejì, ìkẹta, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìmọ̀ ààbò dára, ẹni tí ó bá gun àkàbà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀sẹ̀ kan kò sọ ẹnikẹ́ni di òṣìṣẹ́ ilé, kò sì lè dípò iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ kọ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba yàrá méjì sí òkè ṣọ́ọ̀bù, tí ó ní òun yóò fún ọmọ yín ní dípúlómà nínú ilé kíkọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Àjọ wo ni ó ṣe ìdánwò yín?" Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ọ̀rọ̀ òkè òkun náà wà níbẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn àwọn kan níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káàdì kan tí wọ́n ń pè ní CSCS ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ilé ń béèrè kí wọ́n tó ṣí géètì fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ káàdì oníṣẹ́ ọwọ́, èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù, gbọ́dọ̀ ní ìwé NVQ ìpele kejì ti ọ̀hún. Ìpele kẹta ni ti èyí tí ó ní àwọ̀ wúrà. Ọmọ Èkìtì tí ó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú HND lè bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń gbá ilẹ̀ ibi iṣẹ́ títí wọn yóò fi yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tètè kọjá àyẹ̀wò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Adó pé òun yóò bá yín gba káàdì náà láìsí ìdánwò, ẹ sá fún un.

Ó ku ohun kékeré kan tí ó ń fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí orúkọ tí ẹ óò fi sílẹ̀ fún ìdánwò èyíkéyìí, ìbáà ṣe Trade Test tàbí NABTEB, jẹ́ bákan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú NIN yín, lẹ́tà sí lẹ́tà, àti ọjọ́ ìbí pẹ̀lú. Ẹni tí ó jẹ́ Adé nínú ìwé kan tí ó sì jẹ́ Ọlá nínú èkejì yóò máa ti kóòtù kan bọ́ sí òmíràn láti búra pé ènìyàn kan náà ni òun. Bí àṣìṣe bá ti wà nínú NIN, ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Adó, kí ó mú ọmọ náà dání lọ, kí ó lọ ní ọjọ́ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí, kí ó sì mú èsì ìdánwò ìwé kẹta rẹ̀ lọ́wọ́.